Orlando Martins: Ọmọ Èkó tí sinimá òyìnbó sọ di baálẹ̀ inú igbó, àti ìjà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá jà lórí irú sinimá bẹ́ẹ̀

Nígbà tí wọ́n búra fún Ronald Reagan gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ogúnjọ́ oṣù kìíní, ọdún 1981, bàbá arúgbó kan wà ní Èkó tí orúkọ náà kò ṣàjèjì sí létí rárá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni bàbá náà. Òun àti ààrẹ tuntun yìí ti jọ ṣe aláìsàn nínú wọ́ọ̀dù kan náà rí, bẹ́ẹ̀dì wọn kò sì jìnnà síra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú sinimá ni àìsàn ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀, tí ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún sígbà náà. Orlando Martins ni wọ́n ń pe bàbá yìí. Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé ilẹ̀ Yorùbá, kí Hubert Ògúndé tó kó ẹgbẹ́ òṣèré jọ, Martins ti ń ṣe sinimá nílùú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òyìnbó sì ti mọ ojú rẹ̀ dáadáa.

Èkó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ ìtàn rẹ̀ délẹ̀ kí wọ́n má dárúkọ Abẹ́òkúta. Ọmọ Abẹ́òkúta méjì ló wọnú ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀. Ọ̀kan ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, agbẹjọ́rò tó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbógun ti irú àwòrán tí sinimá òyìnbó ń yà nípa ènìyàn dúdú. Èkejì ni Wọlé Ṣóyínká, tí Martins bá ṣeré nínú ìwé tó kọ nígbà tí irun ti funfun tán lórí àgbà òṣèré náà. Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni iṣẹ́ Martins wà, láti ìgbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí òyìnbó kọ fún un títí dé ìgbà tó wá sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kọ.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, ọdún 1899, ni wọ́n bí Orlando Martins ní àdúgbò Òkèsúnà, ní Erékùṣù Èkó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀. Orúkọ Martins tí ìdílé náà ń jẹ́ wà lára irú orúkọ tí àwọn ará Èkó mọ̀ mọ́ àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì tí wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú orúkọ àwọn Potogí. Bí àwọn Sàró ṣe ń gba Èkó kọjá lọ sí Abẹ́òkúta láti nǹkan bí ọdún 1839, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Àgùdà ń sọ̀kalẹ̀ ní Èkó tí wọ́n ń kọ́lé síbẹ̀. Nínú irú Èkó bẹ́ẹ̀, tí ọkọ̀ òkun ń wọlé tó ń jáde lójoojúmọ́, ni ọmọ náà ti dàgbà. Ní ọdún 1913 tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ Eko Boys' High School sílẹ̀, ó wà lára àwọn tó wọ ibẹ̀, àmọ́ kò kàwé náà parí.

Ogun àgbáyé ló gbé e kúrò nílé. Nígbà tí ogun náà bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, abẹ́ àwọn Jámánì ni ilẹ̀ Kamẹrúùnù wà. Ìtàn tí ìdílé náà ń sọ ni pé ìyá ńlá Orlando wà níbẹ̀ lásìkò náà, àwọn Jámánì sì mú un mọ́lẹ̀, wọ́n fi ojú rẹ̀ rí màbo. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ yìí wọra. Ó gbéra láti lọ wọṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí òun náà lè gbẹ̀san, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó. Ọkọ̀ òkun àwọn oníṣòwò ló wá gbà á síṣẹ́. Wọ́n ní kí ó máa kó èédú sínú iná tó ń mú ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣiṣẹ́, inú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Mauretania ló sì ti ṣe é. Ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí oòrùn kì í dé, tí ooru iná sì ń bó ènìyàn lára, iṣẹ́ ẹni tó lágbára ni. Martins lágbára. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì nípọn bí ìgbà tí àrá ń kù lókèèrè. Ogun parí ní 1918. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ogójì ọdún ló lò níbẹ̀ kó tó padà wá gbélé.

Ìgboro Lọ́ńdọ̀nù kò dẹrùn fún ènìyàn dúdú láyé ìgbà náà. Ogun ti parí, àwọn òyìnbó tó ti ojú ogun bọ̀ ń wáṣẹ́ kiri, inú sì ń bí wọn sí ẹnikẹ́ni tí àwọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀. Ọdún 1919 yẹn gan-an ni wọ́n lu àwọn ènìyàn dúdú nílùú Liverpool àti Cardiff, tí ẹ̀mí sì bọ́. Martins ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Ó ṣe alábàárù, ó ṣe ọdẹ alẹ́, ó ṣiṣẹ́ nílé ìdáná. Ó ja ìjàkadì fówó, Black Butcher Johnson sì ni orúkọ tí wọ́n fún un lójú agbo. Ó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ Sanger, àwọn tí wọ́n ń fi ẹranko dárà láti ìlú dé ìlú, iṣẹ́ tirẹ̀ láàárín wọn sì ni kí ó máa fi ejò ṣeré. Ọmọ Òkèsúnà tí kò ṣe ọdẹ rí, tí kò sì jẹ́ ọmọ aláwo, ni àwọn òyìnbó san owó láti wò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ èdè ejò. Nǹkan tí wọ́n fẹ́ rí lára ènìyàn dúdú ni wọ́n ń rí. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì kúrò nídìí Martins bọ̀rọ̀.

Nínú irú iṣẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló ti bá ara rẹ̀ lórí ìtàgé. Nígbà tí àwọn oníjó ilẹ̀ Rọ́ṣíà wá sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n máa ń wá àwọn géńdé tí yóò dúró sẹ́yìn lórí ìtàgé láìsọ̀rọ̀, Martins sì wà lára wọn. Ní 1926, ó fara hàn nínú sinimá kan tí wọ́n pè ní If Youth But Knew. Sinimá ìgbà náà kì í sọ̀rọ̀, ojú àti ọwọ́ ni òṣèré fi ń ṣàlàyé. Nígbà tó yá, ó bá ẹgbẹ́ tó ń gbé eré orin Show Boat kiri ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì rìn, ó sì ń kọrin láàárín wọn. Paul Robeson, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ ẹrú, ti fi eré yẹn gba ìlú Lọ́ńdọ̀nù kan ní 1928. Òun àti Martins yóò pàdé lẹ́nu iṣẹ́ láìmọye ìgbà.

Ọmọ Ẹ̀gbá tó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú kí sinimá tó mọ Martins lorúkọ ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Ṣólàńkẹ́ sí, ó kàwé ní Fourah Bay ní Sàró, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ṣẹ́ òfin. Ní 1924, òyìnbó ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley láti fi gbogbo ilẹ̀ tí ọba wọn ń ṣàkóso han ayé. Wọ́n kó àwọn ènìyàn láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá síbẹ̀, ìwé ìròyìn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìkọkúkọ nípa wọn, pé ajẹ̀nìyàn ni wọ́n àti pé oògùn burúkú ni iṣẹ́ wọn. Ṣólàńkẹ́ kò lè gbà á mọ́ra. Ó kọ̀wé ta ko irọ́ náà, kò sì pẹ́ tí ọwọ́ fi dá ìròyìn ọ̀hún dúró. Ọdún 1924 yìí kan náà, ní oṣù kẹfà, ló sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí èdè yìí ti ẹnu rẹ̀ jáde lórí afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ, ọdún 1925, òun àti Bankole-Bright ará Sàró pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé ẹgbẹ́ náà tí wọ́n ṣí ní Camden Road ní 1933 di ibi tí ọmọ ilé tó bá dé sí Lọ́ńdọ̀nù ti lè rí ibùsùn àti oúnjẹ tí ẹnu rẹ̀ mọ̀.

Ìṣọ́ ni ẹgbẹ́ yìí wà. Ohun tó bá ti tàbùkù ènìyàn dúdú, yálà nínú ìwé ìròyìn ni o, nínú ìwé ìtàn ni o, wọn kì í dákẹ́ sí i. Nígbà tí sinimá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí àwọn òyìnbó sì ń fi ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìtàn, ẹgbẹ́ Ṣólàńkẹ́ kọjú sí i.

Sinimá tó dá wàhálà sílẹ̀ jù ni Sanders of the River, tó jáde ní 1935. Ìtàn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ni, tó ń ṣàkóso àwọn ẹ̀yà lẹ́bàá odò kan ní Nàìjíríà, tí gbogbo ayé sì ń tòrò nígbà tó bá wà níbẹ̀, tí ó sì ń dàrú nígbà tó bá lọ sí ìsinmi. Robeson ló ṣe olóyè tó jẹ́ ọmọ rere fún òyìnbó náà. Wọ́n kọ́ abúlé Áfíríkà sí Shepperton, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn dúdú jọ láti etí òkun Gẹ̀ẹ́sì wá kún inú rẹ̀. Martins wà níbẹ̀. Jomo Kenyatta, tó padà di ààrẹ Kẹ́ńyà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó fi iṣẹ́ náà wá owó tí yóò fi jẹun. Nígbà tí wọ́n gé sinimá náà tó sì jáde tán, ó di orin ìyìn fún ìjọba amúnisìn. WASU bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Robeson fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún òun, ó sì wá sún mọ́ ẹgbẹ́ Ṣólàńkẹ́ gidigidi.

Ṣùgbọ́n Robeson lówó lọ́wọ́, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn dé ibi tó ti lè yan iṣẹ́. Martins kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí Martins bá kọ ipa olóyè inú igbó sílẹ̀, ipa mìíràn kò sí tí wọn yóò fún un. Ṣàṣà ni sinimá tí ènìyàn dúdú ti ń ṣe dókítà tàbí olùkọ́ tàbí bàbá tó ń tọ́ ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́ yẹ kó rántí èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá ń yìn ín kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí Ṣólàńkẹ́ ń sọ, nítorí òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó wo àwọn sinimá wọ̀nyí kò rí ọmọ Áfíríkà lójú korojú rí. Ohun tí wọ́n rí lójú àwòrán ni wọ́n gbé lọ sílé.

Ẹ̀rí pé Martins lè ṣe ju ìyẹn lọ wà ní ọdún 1936. C.L.R. James, òǹkọ̀wé dúdú láti Trinidad, kọ eré kan nípa Toussaint Louverture àti bí àwọn ẹrú Haiti ṣe dìde sí àwọn Faransé, tí wọ́n sì gba òmìnira. Wọ́n ṣe é ní ilé eré Westminster ní oṣù kẹta ọdún náà. Robeson ṣe Toussaint, Robert Adams ọmọ Guyana ṣe Dessalines, Martins sì ṣe Boukman. Boukman yìí ni aláwo tí ó kó àwọn ẹrú jọ ní oṣù kẹjọ ọdún 1791, tí ó bọ òrìṣà pẹ̀lú wọn lóru, kí wọ́n tó gbé àdá. Aláwo ni, ṣùgbọ́n aláwo tó dá àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ lóko ẹrú ni. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ṣe eré náà. Kò sówó nídìí rẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n tún fún Martins ní ipa aláwo. Owó wà nídìí èyí. Men of Two Worlds ni orúkọ sinimá náà, Thorold Dickinson ló darí rẹ̀, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì lọ́wọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn Kisenga ni, ọmọ Tanganyika tó ti kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù débi pé ó ń tẹ dùùrù níwájú àwọn òyìnbó. Ó padà sílé láti ran ìjọba lọ́wọ́. Eṣinṣin tsetse, tó máa ń fa àrùn tó ń mú ènìyàn sùn títí dójú ikú, ti ń bọ̀ wá sí abúlé rẹ̀, ìjọba sì fẹ́ kó àwọn ará abúlé lọ síbòmíràn. Magole, adáhunṣe abúlé náà, kò gbà. Ó fi oògùn àti ìbẹ̀rù mú àwọn ènìyàn rẹ̀ dání, ó sì kọjú ìjà sí Kisenga títí ọmọ náà fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Robert Adams ló ṣe Kisenga. Martins ló ṣe Magole.

Sinimá náà kò tíì jáde tí WASU ti gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 1943, wọ́n kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ní ìtàn yìí yóò tàbùkù gbogbo ọmọ Áfíríkà lójú ayé. Ohun tó ń dùn wọ́n kò ṣòro láti rí. Wọ́n sọ ìṣègùn ìbílẹ̀ di ibi lásán, bí ẹni pé kò sí ewé tó wo ibà rí, kò sì sí babaláwo tó gba aboyún là. Èyí tó tún burú jù níbẹ̀ ni ti Kisenga: ọkùnrin tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ ni ìlù àti ọ̀rọ̀ ẹnu adáhunṣe dá dùbúlẹ̀, àfi bí ẹni pé ìwé tí ọmọ Áfíríkà kà kì í dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ilé WASU, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ́ṣẹ́ òfin àti ti ìṣègùn òyìnbó, mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Àwọn òyìnbó ṣe sinimá náà. Ó jáde ní 1946, àwọ̀ mèremère ni wọ́n fi yà á, Martins sì tipasẹ̀ rẹ̀ di gbajúmọ̀. Bí ènìyàn bá wo ohun tó ṣe níbẹ̀ dáadáa, yóò rí ohun kan tó jọ pé ẹni tó kọ ìtàn náà kò ní lọ́kàn. Magole kì í ṣe aṣiwèrè. Ó dúró gírígírí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yára, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó mọ ohun tí ìlú rẹ̀ yóò sọ nù bí wọ́n bá kó wọn kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó máa ń dà bí ìgbà tí ọba bá ń gbọ́ ẹjọ́ àlejò. Ìtàn náà ní kó jẹ́ ọ̀dájú, ó ṣe é, ṣùgbọ́n ó gbé iyì wọ ọ̀dájú náà. Kò dá ìpalára tí WASU ń sọ dúró. Àwòrán adáhunṣe náà tàn kálẹ̀, àní nígbà tí wọ́n gbé sinimá náà dé Amẹ́ríkà, Kisenga, Man of Africa ni wọ́n pè é. Síbẹ̀, iyì yẹn wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá lójú àtirí i.

Ìgbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ ni ipa tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Reagan dé. John Patrick ará Amẹ́ríkà kọ eré kan tó pè ní The Hasty Heart. Ọsibítù àwọn ológun ni, ní ilẹ̀ Bọ́mà, lọ́dún 1945. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ wà níbẹ̀ láti ibi gbogbo: ará Amẹ́ríkà, ará Ọsirélíà, Gẹ̀ẹ́sì, àti ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n ń pè ní Blossom. Kò gbọ́ èdè òyìnbó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni Blossom, òun ni wọ́n sì sọ di orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ ilẹ̀ Scotland kan wá bá wọn, onígbèéraga, tí kò mọ̀ pé ikú ti wà nítòsí òun. Gbogbo wọ́ọ̀dù náà ló ń gbìyànjú láti fi ìfẹ́ hàn sí i. Martins kọ́kọ́ ṣe Blossom lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945. Nígbà tí wọ́n wá fi eré náà ṣe sinimá, tó jáde ní 1949, òun náà ni wọ́n tún pè, Ronald Reagan sì ṣe ará Amẹ́ríkà.

Ipa tí kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ! Òṣèré mìíràn ì bá bínú sí i. Àmọ́ Martins ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sinimá kì í sọ̀rọ̀, ó mọ bí a ṣe ń fi ojú sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá gbé ìlẹ̀kẹ̀ tó fọwọ́ sín lọ bá aláìsàn náà, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Bọ́mà kì í ṣe ìtàn lásán fún àwọn ará ilé pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì, kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin, ló jà níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ agboolé ní Abẹ́òkúta àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ní bàbá tàbí àbúrò bàbá kan tó ti Bọ́mà bọ̀ tí kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ kò wọ́n ọn mọ́. Ó wà nínú Where No Vultures Fly ní 1951, èyí tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà nípa àwọn ẹranko igbó. Ó ṣe àlùfáà nínú The Heart of the Matter ní 1953. Nígbà tí ogun Mau Mau ń jà ní Kẹ́ńyà, sinimá nípa rẹ̀ kò gbẹ́yìn, Martins sì wà nínú Simba ní 1955 àti Safari ní 1956. Ó bá Tarzan pàdé ní 1957, ó sì tún bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tó fọ́ láàárín agbami nínú Seven Waves Away. Ipa baálẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn míì kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Èyí tó lókìkí jù ni The Nun's Story ti 1959, tí Fred Zinnemann darí, tí wọ́n sì lọ ya apá kan rẹ̀ ní Kóńgò. Audrey Hepburn ló ṣe obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tí iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn gbé dé Áfíríkà, Martins sì ṣe Kalulu, ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Nínú èyí, kò sí oògùn, kò sí ọ̀kọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, tó sì ń wo àjèjì obìnrin náà pẹ̀lú sùúrù.

Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ kò rí ìyẹn. Ó kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, ọdún 1958. Kò dé ilé láti rí òmìnira tó ti ń sọ láti 1925.

Ní 1959, Martins kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Èkó. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ti ń lọ bí ẹni ọgọ́ta nígbà tó dé. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV nílùú Ìbàdàn, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kan gbé kalẹ̀ ní Áfíríkà. Àwọn òṣèré alárìnjò tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀sì gbé eré kiri bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àpótí tó ń sọ̀rọ̀ náà ní èdè Yorùbá. Ohun tí Martins lọ wá ní òkè òkun fún ogójì ọdún ti ń hù nílé. Òun ṣì ń bá iṣẹ́ òkèèrè lọ nígbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é: Sammy Going South àti Call Me Bwana ní 1963, Mister Moses ní 1965. Baálẹ̀ náà ni nínú èyí tó gbẹ̀yìn.

Ọdún 1970 ni nǹkan yí padà. Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta ní 1934 tó sì dàgbà ní Aké, ti kọ Kongi's Harvest, eré nípa apàṣẹ-wàá kan tó fẹ́ kí ọba ìlú fọwọ́ ara rẹ̀ gbé iṣu tuntun fún òun níwájú gbogbo ayé. Wọ́n ti ṣe é lórí ìtàgé ní Èkó ní 1965. Ní 1970, Francis Ọládélé gbà láti fi ṣe sinimá, Ossie Davis, òṣèré dúdú láti Amẹ́ríkà, sì darí rẹ̀. Ṣóyínká, tí kò tíì pẹ́ tó jáde lẹ́wọ̀n ogun abẹ́lé, ló ṣe Kongi fúnra rẹ̀. Wọ́n fún Orlando Martins ní ipa Dókítà Gbénga. Dókítà! Orúkọ Yorùbá, nínú ìtàn tí ọmọ Yorùbá kọ, lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni àádọ́rin ọdún ni nígbà náà.

Sinimá náà kò tẹ́ Ṣóyínká lọ́rùn nígbà tí wọ́n gé e tán, ó sì sọ ọ́ jáde pé òun kò fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ni í ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pe Martins fún sinimá tí wọ́n fi ìwé Chinua Achebe méjì ṣe, Things Fall Apart àti No Longer at Ease. Obierika ló ṣe níbẹ̀, ọ̀rẹ́ Okonkwo, ẹni tó máa ń rò ó kó tó ṣe é, tó sì ń béèrè ohun tí àwọn yòókù ń bẹ̀rù láti béèrè. Ọkùnrin tó ti ṣe olóyè inú igbó fún Edgar Wallace ní 1935 wá ṣe àgbà ìlú fún Achebe. Ohùn kan náà ni, ìdúró kan náà ni.

Ìyókù ayé rẹ̀, Èkó ló ti lò ó. Ìjọba àpapọ̀ fi oyè MFR dá a lọ́lá. Ní 1983, Takiu Folami kọ ìwé kan lórí ìgbésí ayé rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wo sinimá Ògúndé àti ti Adé Love nígbà náà mọ̀ pé ẹnì kan ti wà lójú àwòrán kí wọ́n tó bí bàbá wọn.

Orlando Martins kú sí Èkó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, ọdún 1985. Ó ku oṣù méjì àti ọjọ́ mélòó kan kó pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Reagan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ inú wọ́ọ̀dù, ṣì wà lórí àga ààrẹ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde ní ilẹ̀ Sweden pé ọmọ Aké tó kọ Kongi's Harvest ti gba ẹ̀bùn Nobel.